Fóòmù 6 × 6 ọtọpẹ́díìkì: ṣé box spring ló yẹ ẹ́ àbí bẹ́ẹ̀dì onípákó?

Abẹ́kẹ́_Agric

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Fóòmù tuntun ló wà nílẹ̀, ọtọpẹ́díìkì (fóòmù líle), èyí tí à ń pè ní 6 × 6: ẹsẹ̀ bàtà 6 ní ìbú, ínṣì 75 ní gígùn, ínṣì 10 ní nínípọn. Kò sí bẹ́ẹ̀dì tó gbà á. Ẹnìkan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Ṣágámù ní box spring (férémù igi onísípíríǹgì tí wọ́n ń gbé sábẹ́ fóòmù) "queen" méjì, ó ní kí n gbé ọ̀kan, kí n gbé fóòmù lé e, ó parí. Káfíńtà àdúgbò ní òun á kan bẹ́ẹ̀dì onípákó, ṣùgbọ́n pákó ìdábùú 7 péré ló kọ sínú ìwé ọjà tó fún mi. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Tó bá jẹ́ pákó ni, ṣé 7 tó? Màmá mi ló máa sùn lórí ẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ro ti gíga rẹ̀ náà mọ́ ọn.

Onífóòmù_Sábò

Mà, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún oní-tòkunbọ̀ yẹn. Box spring "queen" tó ń wá láti Amẹ́ríkà, ínṣì 60 ni ìbú rẹ̀, 80 ni gígùn rẹ̀. Fóòmù tiyín jẹ́ 72 ní ìbú, 75 ní gígùn. Tẹ́ ẹ bá gbé e lé e, ínṣì 6 fóòmù á wà lófìfo lápá ọ̀tún, 6 lápá òsì, box spring á sì yọ ínṣì 5 jáde níbi ẹsẹ̀. Létí bẹ́ẹ̀dì ni àgbàlagbà máa ń jókòó kó tó dìde. Ibẹ̀ gan-an ni kò ní sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀. Etí fóòmù á tẹ̀, á ya, Màmá sì lè yọ̀ ṣubú.

Ẹ kọ ìwọ̀n wọ̀nyí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó padà lọ síbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà: "twin" jẹ́ bíi 38 sí 39 × 75, "full" jẹ́ 54 × 75, nígbà mìíràn 53, "queen" 60 × 80, "king" 76 × 80. Ti ìlú ọba, sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: "double" wọn jẹ́ 135 × 190, "king" wọn jẹ́ 150 × 200. Tiwa níbí, ẹsẹ̀ bàtà 2½, 3½, 4, 4½ àti 6 ni ìbú tó wọ́pọ̀, ínṣì 75 sì ni gígùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Nínú gbogbo ẹrù Amẹ́ríkà yẹn, "full" nìkan ló bá tiwa mu dáadáa, torí ínṣì 54 náà ni ẹsẹ̀ bàtà 4½. Ẹni tó bá ní fóòmù 6 × 6 kò lè rí box spring tòkunbọ̀ tó bá a dọ́gba. "King" ló sún mọ́ ọn jù, òun náà á sì yọ ínṣì 4 ní ìbú àti 5 ní gígùn, etí igi rẹ̀ á wá máa gbá èèyàn ní ojúgun.

Ká tiẹ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu, irú fóòmù tẹ́ ẹ ní kò fẹ́ box spring. Fóòmù onísípíríǹgì ni wọ́n ṣe box spring fún: férémù igi tí wọ́n to sípíríǹgì sínú ẹ̀, tí wọ́n faṣọ bò. Sípíríǹgì ìsàlẹ̀ àti ti òkè á jọ máa gbé ara wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ á máa gba ìwúwo èèyàn. Fóòmù gidi kò ní egungun tirẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń tẹ̀ lé: tí abẹ́ bá tẹ́jú, á tẹ́jú, tí abẹ́ bá rọ̀ lágbede méjì, òun náà á rọ̀ síbẹ̀. Ọtọpẹ́díìkì sì tún wúwo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi àjákù fóòmù tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra, ṣe inú wọn. Ẹ ṣírò 75 × 72 × 10 ínṣì, ó dín díẹ̀ ní 0.9 mítà oníwọ̀n mẹ́ta. Fóòmù lásán tó jẹ́ kílò 30 ní mítà kan á wọn bíi kílò 27. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tó bá jẹ́ kílò 90 ní mítà kan, á wọn bíi 80. Ẹrù àgbàlagbà kan nìyẹn, tó dùbúlẹ̀ sórí sípíríǹgì àtijọ́ tọ̀sán tòru.

Àfikún kan: box spring ìgbà yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní sípíríǹgì mọ́. Igi ni wọ́n dábùú sínú ẹ̀ tí wọ́n faṣọ bò. Irú ìyẹn lè gbé fóòmù, bí àlàfo igi rẹ̀ kò bá ju ínṣì 3 lọ. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ojú rẹ̀. Tó bá rọ̀, tó sì ta yín padà, sípíríǹgì ni. Tí kò bá mì, igi ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìgbógbó

Ọ̀rọ̀ onífóòmù yẹn tọ́. Ẹ jẹ́ n wá síbi pákó.

7 kò tó, kò tó rárá. Pákó ìdábùú tó fẹ̀ ní ínṣì 4, tó bá jẹ́ méje, ínṣì 28 ni gbogbo wọn bò nínú 75. Ínṣì 47 tó ṣẹ́kù á pín sí àlàfo mẹ́fà, ìyẹn ju ínṣì 7½ lọ fún àlàfo kan. Alaalẹ́ ni fóòmù á máa rì sáàárín wọn. Ẹ máa wo abẹ́ fóòmù tó ti lo ọdún kan lórí irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀: ẹ ó rí ilà gbọọrọ gbọọrọ níbi tí pákó ti tẹ̀ ẹ́ wọlé, àlàfo á sì ti wú jáde láàárín wọn. Ilà yẹn kì í lọ mọ́. Ibẹ̀ ni fóòmù á ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

12 ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Bó ṣe máa rí wọn láìfi pákó ṣòfò nìyí: kó ra pákó ínṣì 1 × 12 méjì, èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Kó gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì ní ẹsẹ̀ bàtà 6, kó la ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìyẹn sí mẹ́ta. Mẹ́fà mẹ́fà ló máa rí nínú pákó kan. Ayùn àti pílénà á jẹ nínú ìbú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wá sí bíi ínṣì 3¾. 12 lọ́nà 3¾ jẹ́ 45. Ó ku 30, tó pín sí àlàfo 11, á dín díẹ̀ ní 2¾ fún ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fóòmù kò fẹ́ kí àlàfo kọjá 3, nítorí náà ẹ wà lábẹ́ òfin wọn. Ẹ wo ìwé ìdánilójú tó bá fóòmù wá. Bí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò bá dára tó, wọ́n lè kọ̀ láti ṣe ojúṣe wọn nígbà tí fóòmù bá tẹ̀.

Ẹ fi téèpù wọn nínípọn pákó náà fúnra yín. Orúkọ lásán ni "ínṣì 1" lọ́jà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pílénì rẹ̀, á wá sí ⅞ tàbí ¾. ¾ ṣì dára bí igi àárín bá wà. Tó bá kéré sí ìyẹn, ẹ kọ̀ ọ́.

Igi àárín yìí gan-an lọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń fò, òun náà ló sì ń ba bẹ́ẹ̀dì 6 × 6 jẹ́ jù. Pákó tó nà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ínṣì 72 ló dá gbé. Bẹ́ ẹ bá gbé igi kan sáàárín, 36 ló kù fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹrù kan náà lórí gígùn tí a dá sí méjì, ìdá kan nínú mẹ́jọ títẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa tẹ̀. Kì í ṣe ìdajì o, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Igi kan ṣoṣo ló ṣe ìyẹn.

Kó fi 2 × 4 ṣe é, láti ìhà orí dé ìhà ẹsẹ̀, kí ínṣì 4 dúró lóòró, kó má tẹ́ ẹ. Lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí àlàfo wọn jẹ́ bíi ínṣì 19. Lára igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó lẹ 2 × 2 mọ́ ọn nínú, òun ni orí pákó máa jókòó lé. Gọ́ọ̀mù funfun tí à ń pè ní top bond ni kó kọ́kọ́ fi lẹ̀ ẹ́, kó wá fi sikúrúù 2½ dè é ní ínṣì 8 sí ínṣì 8. Bí igi ẹ̀gbẹ́ bá tín-ín-rín, kó wọn méjèèjì pọ̀ kó tó ra sikúrúù, kí ẹnu rẹ̀ má yọ síta. Kó má lo ìṣó níbẹ̀ o. Ẹrù á máa tẹ 2 × 2 yẹn lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ìṣó á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀dì á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, títí apá kan á fi já lóru.

Orí pákó ìdábùú kọ̀ọ̀kan náà gba sikúrúù kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan láàárín. Kó kọ́kọ́ fi dírìlì lu ihò kékeré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí pákó á là. Tí wọn ò bá de pákó mọ́lẹ̀, á máa rìn, mẹ́ta á kóra jọ síbì kan, ihò ńlá á wá ṣí níbòmíràn.

Ìyá_Ìjẹ̀dè

Ọ̀gá káfíńtà, ẹ ṣeun o. Ṣé kò wá ní yá jù kéèyàn da pláíwúùdù bo gbogbo ẹ̀, kó má ka pákó kankan?

Onífóòmù_Sábò

Fún fóòmù nìkan, pláíwúùdù ló tẹ́jú jù lọ, èmi fara mọ́ ọn. Kó sáà jẹ́ ¾, kó sì ní igi àárín lábẹ́. Ẹ má gbà kí wọ́n lo ¼ tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀dì aláwọ tí wọ́n ń gbé kiri báyìí, ìyẹn á rì láàárín bí ẹni gidi bá jókòó lé e.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìgbógbó

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí eléyìí, pàápàá fún ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀dè. Láti Ẹ̀bútè Ìpakodò lọ sí Ìbéṣè, Báyékù, títí dé Ìjẹ̀dè, ẹ̀bá ọ̀sà ni gbogbo wa wà. Ọ̀rinrin pọ̀. Ara èèyàn á máa làágùn sínú fóòmù mọ́jú, omi náà á sì máa wá ọ̀nà jáde nísàlẹ̀. Lórí pákó, atẹ́gùn á gbé e lọ. Lórí pláíwúùdù tó dí pa, á dúró síbẹ̀, abẹ́ fóòmù á bu, ẹ ó rí tótòtó dúdú dúdú, yàrá á sì máa rùn bí ẹ tilẹ̀ ń nu ilẹ̀ lójoojúmọ́. Fóòmù tí wọ́n tẹ́ sórí táìlì lásán náà kò ní yè é.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pláíwúùdù dandan, ẹ lu ú ní ihò tó fẹ̀ ní ínṣì 1, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní ínṣì 6 sí 8, káàkiri gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ sì rántí pé ẹsẹ̀ bàtà 4 × 8 ni síìtì kan. Bẹ́ẹ̀dì 6 × 6 á gba méjì, ẹ ó gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 36 × 75, kí ojú ìsopọ̀ wọn bọ́ sórí igi àárín gẹ́lẹ́. Èyí tó ṣẹ́kù kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún nǹkan mìíràn, owó rẹ̀ sì ju ti pákó méjì lọ. Chipboard àti MDF, àwọn pákó tí wọ́n fi èérún igi lẹ̀ pọ̀ ṣe, ni kí ẹ má tiẹ̀ dárúkọ: tí ọ̀rinrin bá mu wọ́n, wọn á wú, ihò sikúrúù á fẹ̀, sikúrúù á yọ bọ́ọ́lẹ̀.

Onífóòmù_Sábò

Ti ihò yẹn, mo gbà. Ó dára kí n fi ti yíyí fóòmù kún un: ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ yí ìhà orí sí ìhà ẹsẹ̀. Èyí tó bá ní ojú méjì, ẹ tún dà á dé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi í ti ògiri fún wákàtí díẹ̀ kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ.

Fúmigétọ̀_Ògólóntò

Ẹ dákun, kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu ba ìdun, bẹ́ẹ̀ òun ni mo kà sí jù nínú ọ̀rọ̀ box spring tòkunbọ̀.

Inú box spring ṣófo, ó ṣókùnkùn, igi àti aṣọ ló kún ibẹ̀, ẹni tó ń sùn sì wà nítòsí. Kò síbi tí ìdun fẹ́ràn tó o. Wọ́n lè wà láìjẹun fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà pé ẹrù ti pẹ́ nínú kọ̀nténà kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti kú.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹ ó rí aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi sitépù kàn mọ́ igi yíká. Ẹ ní kí wọ́n yọ igun kan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ẹ wo orí sitépù, ẹ wo ibi tí igi ti pàdé igi, ẹ wo rírán aṣọ létí. Tótòtó dúdú tó rí bí ibi tí bírò ti kán sí, ìgbẹ́ wọn ni. Ìpẹ́pẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó fúyẹ́, awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ni. Ẹyin wọn funfun, gígùn rẹ̀ bíi mìlímítà 1. Èyí tó ti dàgbà jẹ́ bíi mìlímítà 5, ó tẹ́ pẹlẹbẹ. Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú gbogbo èyí, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ ṣí igun aṣọ, ẹ máa lọ.

Ẹ má rò pé ẹ lè fi òògùn yanjú ẹ̀ nílé. DDVP, èyí táwọn èèyàn ń pè ní ọta pia-pia, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọ́n sórí ibi tó máa sùn. Oró rẹ̀ ń wọ ara láti ojú awọ àti imú. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò mílílítà 100 rẹ̀ káàkiri ọjà, nítorí bó ṣe ń pa èèyàn. Ooru ló ń pa ìdun pátápátá, tòun tẹyin rẹ̀, bó bá dé ìwọ̀n 50 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n oòrùn níta kì í mú inú box spring gbóná dé ibẹ̀. Ojú aṣọ ló ń gbóná, wọn á sì sá wọ inú igi. Ẹni tó bá ti rà á tán, kó wá aṣọ àbọ̀sí onísíìpù tó bo gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, kó fà á pa, kó má ṣí i fún ọdún kan ó kéré tán.

Alága_Ẹ̀bútè

Ẹ ṣé gan-an. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀: fóòmù onísípíríǹgì ni, 54 × 75, ó nípọn ní ínṣì 11. Box spring abẹ́ rẹ̀ ti rì láàárín. Ẹnìkan ní kí n ju pláíwúùdù lé box spring náà lórí, kí n tẹ́ fóòmù padà. Ṣé ó bójú mu?

Onífóòmù_Sábò

Alága, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Ẹ gbé fóòmù náà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ ta okùn tó le láti etí kan dé èkejì, níbi tí ìdí èèyàn máa ń wà, kí ẹni méjì dì í mú kó má rọ̀. Ẹ wá fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ojú fóòmù. Bó bá tẹ́jú lórí ilẹ̀, tó jẹ́ pé orí box spring nìkan ló ti ń rì, abẹ́ ló bàjẹ́. Bó bá rì ju ínṣì 1 sí 1½ lọ lórí ilẹ̀ gan-an, fóòmù fúnra rẹ̀ ti lọ, kò sí box spring tuntun tó lè tún un ṣe. Àwọn kan ń ra abẹ́ tuntun nígbà tó jẹ́ fóòmù ló kú, owó ńlá sì ni wọ́n ń sọ nù.

Pláíwúùdù lórí box spring tó ti rì jẹ́ ìgbà díẹ̀. Sípíríǹgì abẹ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, férémù tó ti yẹ̀ á ṣì máa yẹ̀ lọ, ẹ ó sì máa gbọ́ kíkéé rẹ̀.

Tiyín ni box spring yẹ fún ní tòótọ́, Alága, torí onísípíríǹgì ni, ìwọ̀n "full" sì bá a dọ́gba. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú òmíràn, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun dé igun ní ìdábùú, kẹ́ ẹ tún wọn igun méjì yòókù. Bí iye méjèèjì bá fi ju ínṣì ½ lọ yàtọ̀, férémù ti yẹ̀. Ẹ fi orúnkún tẹ ojú rẹ̀ káàkiri, orí, àárín àti ẹsẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ibi tó bá rọ̀ ju ibòmíràn lọ, tàbí tó ké, sípíríǹgì ti já níbẹ̀ tàbí igi ti là. Gíga wọn oríṣi méjì ló wà: èyí tó ga jẹ́ ínṣì 8 sí 9, èyí tó kúrú jẹ́ 4 sí 5. Agbára wọn kò yàtọ̀, gíga ló yàtọ̀. Fóòmù ínṣì 11 lórí 9, ínṣì 20 ti pé kẹ́ ẹ tó fi ẹsẹ̀ férémù kún un. Èyí tó kúrú ni mo máa mú fún yín.

Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó wọn àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó tó ra èyí tó tóbi. Box spring kì í tẹ̀ kọrọ bíi fóòmù. Ìdí nìyẹn tí ti "king" fi máa ń wá ní ìlàjì méjì, 38 × 80 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má ta ìlàjì kan fún yín ní iye owó odindi.

Ọmọ_Odógunyàn

Ọ̀gá káfíńtà, irú igi wo ni kéèyàn ní kí wọ́n lò?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìgbógbó

Àbúrò, fún igi ẹ̀gbẹ́ àti igi àárín, ẹ lo igi tó le: ọ̀pẹ̀pẹ̀, ìrókò, àpá bí owó bá wà; ìdígbò tàbí afárá bí owó bá mọ níwọ̀n. Fún pákó ìdábùú, afárá tó gbẹ ti tó. Arère ni ọ̀pọ̀ ń lò torí ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ láti fi ayùn gé, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀, wọ́n ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ arère lẹ rí, ẹ kun gbogbo ojú rẹ̀ ní solignum (òògùn tó ń lé kòkòrò kúrò nínú igi), pàápàá orí tí wọ́n gé, torí ibẹ̀ ló ń mu ún jù. Kí wọ́n kùn ún níta, kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ á fi lọ, kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá.

Gbígbẹ igi ṣe pàtàkì ju orúkọ igi lọ lójú tèmi. Pákó tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀rọ bọ́, yálà ti àdúgbò wa ni o tàbí ti Àgbọ̀wá níbi tí ìjọba Èkó ṣètò ibùdó tuntun sí fún àwọn oní-pákó Òkò-Bàbá, á fà sẹ́yìn bó bá ṣe ń gbẹ nínú yàrá yín. Á wọ́, sikúrúù á rọ̀, bẹ́ẹ̀dì tó dákẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹ gbé pákó náà sọ́wọ́. Bó bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tí ojú rẹ̀ sì tutù mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kò tíì gbẹ. Ẹ yan èyí tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Kíké yẹn náà, bó bá ti wáyé, ibi tí igi ti ń fi ara gbo igi ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ fún gbogbo sikúrúù mọ́ ọn, ẹ wá fi àbẹ́là ra ojú ibẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gé kápẹ́ẹ̀tì àlòkù tín-ín-rín sáàárín pákó àti 2 × 2.

Abẹ́kẹ́_Agric

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti pe oní-tòkunbọ̀, mo ní mi ò rà á mọ́. Ó ku ti gíga fún Màmá, àti ti ẹsẹ̀ àárín: yàrá wọn jẹ́ táìlì, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì tẹ́jú dáadáa.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìgbógbó

Ẹ ní kí Màmá jókòó sórí àga líle, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ wọ̀n láti kọ́rọ́ ẹ̀yìn orúnkún wọn dé ilẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 17. Ẹ fi ínṣì 2 kún un, torí fóòmù á tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó, orúnkún tó ń dunni sì máa ń fẹ́ kí ìjókòó ga díẹ̀ kí dídìde má le. Ó di 19. Ẹ yọ ínṣì 10 ti fóòmù kúrò, ó ku 9 láti ilẹ̀ dé ojú pákó. Nínú 9 yẹn, pákó ìdábùú gba 1, 2 × 4 tó dúró lóòró gba 4, ẹsẹ̀ àárín á wá jẹ́ 4. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún káfíńtà yín bẹ́ẹ̀: ojú pákó, 9 láti ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ fún un pé "kó má ga jù" lásán, 14 ló máa kàn án sí, bí gbogbo èèyàn ṣe ń kàn án.

Ẹ wo ohun tí box spring yẹn ì bá ṣe: 9 tirẹ̀, 10 ti fóòmù, férémù irin abẹ́ rẹ̀ bíi 7. 26. Ẹsẹ̀ Màmá kò ní kan ilẹ̀.

Ti ilẹ̀ tí kò tẹ́jú: kó má gé ẹsẹ̀ àárín ní ṣọ́ọ̀bù. Kó gbé bẹ́ẹ̀dì sí ààyè tó máa wà gan-an, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó dáadáa, kó wá wọn láti abẹ́ 2 × 4 dé ilẹ̀ ní ojú ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó gé ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe bá a. Bí ẹsẹ̀ àárín bá kúrú, kó tilẹ̀ jẹ́ ¼ ínṣì, kò gbé nǹkan kan àyàfi ìgbà tí pákó bá ti tẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá gùn jù, àárín bẹ́ẹ̀dì á yọ gegele, igun á máa mì. Kó gé rọ́bà táyà sí abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó wọn nínípọn rọ́bà náà mọ́ ọn kó tó gé igi. Bẹ́ ẹ bá gbé bẹ́ẹ̀dì náà lọ sí yàrá mìíràn lọ́jọ́ iwájú, ẹ tún ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn yẹ̀ wò: ẹ ti bébà kan sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí bébà bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́, ẹ fi rọ́bà kún un.